Ìdajì Àlẹ̀mọ́ra

Ìrora egungun ń bá ìyá obìnrin aránṣọ kan fínra, oṣù mẹ́rin ni ó sì ti ń gbé hóró òògùn ìrora mì. Bí odidi hóró bá ń mú un sùn jù, ọmọ rẹ̀ á fi ọ̀bẹ là á sí méjì, á fún un ní ìdajì, ìyá á sì sùn níwọ̀n. Ibẹ̀ ni aránṣọ ti kọ́ ọgbọ́n tó kù díẹ̀ kó sọ ọ́ di ọmọ òrukàn.

Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ìyá kò gba hóró mọ́, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wọ́n wò nílé mú àlẹ̀mọ́ra wá: ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ, tí òògùn wà nínú rẹ̀ bí omi.

"Àǹtí, hóró tí ẹ ń fún Màmá tẹ́lẹ̀, ikùn á gba tiẹ̀, ẹ̀dọ̀ á gba tiẹ̀, kó tó kan ẹ̀jẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èyí, awọ ara ló ń gbà wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣáà lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn láyà."

Ó sọ púpọ̀, àmọ́ kò sọ pé kí wọ́n má gé e. Ta ni yóò gé e? Ó gbàgbé pé ilé ẹni tó ń fi sísọ́ọ̀sì jẹun ni òun wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, aránṣọ wo ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ara rẹ̀ kò ju ìdì aṣọ lọ, ó ní odidi á pọ̀ jù fún un. Ó gé àlẹ̀mọ́ra náà sí méjì gẹ́rẹ́. Omi tó ki díẹ̀ yọ lójú ibi tó gé, ó sì kàn án lọ́wọ́. Ó lẹ ìdajì mọ́ ìyá láyà, ó nu ìka mọ́ aṣọ, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú yàrá kan náà. Òwú já. Ó lá ìka, ó fi rin ẹnu òwú kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́, bí ó ti ń ṣe láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó korò díẹ̀, kò kà á sí.

Nígbà tó yá, ìyá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ já gaara.

"Fún bàbá rẹ ní àga. Kí ló dé tó wà lórí ìdúró?"

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n sin bàbá. "Ìyá mi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀," ni aránṣọ wí, ó sì rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín la fi ń lé ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ dákẹ́. Ara rẹ̀ tù ú pẹ̀sẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ẹ̀wù tí aránṣọ fúnra rẹ̀ rán fún ìsìnkú rẹ̀, èyí tí apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ. Ẹ̀rù kò bà á rárá, ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Jẹ́ kó sinmi," ni bàbá wí. "Ìwọ náà, gbórí lé ẹ̀rọ yẹn."

Ó dìde, ó jókòó, ó gbórí lé e. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ mímí ìyá rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa, ó pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ìkorò náà ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀, ó wo ìdajì ọ̀rá tó kù lórí tábìlì, tó ti gbẹ pátápátá, ojú sì tì í kí ẹ̀rù tó bà á.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún mi."

Bàbá kò yẹ̀. Aránṣọ gba àárín ara bàbá kọjá, ara náà tutù bí aṣọ tí wọn ò tíì fún omi rẹ̀. Ó já àlẹ̀mọ́ra kúrò láyà ìyá, ó sì pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù.

Òpópónà kejì ni nọ́ọ̀sì ń gbé. Ó sáré dé, ó fín òògùn tó ń ṣẹ́ agbára òògùn ìrora sí ìyá nímú, ó sì fín in sí aránṣọ náà.

"Ìdajì hóró, ìdajì ni," ó ní, ó ń mí hẹlẹ. "Èyí, ọ̀rá yẹn ló ń dì í mú kó má yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé e, gbogbo rẹ̀ bá tú dà sí wọn lára. Ẹ tún wá lá a. Èyí tí awọ ẹnu bá gbà kì í dúró de ikùn, Àǹtí, lójú ẹsẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó lajú. Gbogbo ìrora oṣù mẹ́rin padà sínú egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kérora títí ohùn fi há. Aránṣọ kò tíì sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

"O lé e lọ," ni ìyá wí. "Mo rí i tí o kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kó o jẹ́ kí n sinmi, o ò gbọ́."

Ọmọ náà ń sunkún. Ó na ọwọ́ láti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ìyá sì fa tirẹ̀ sẹ́yìn.