Ọ̀nà Títẹ́jú Ẹ̀gbẹ́ Àbàtà

Ọjọ́ kejì tí mo dé Ifẹ̀ ni Adésọjí, àbúrò mi, ní kí a lọ nasẹ̀ díẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n wa ni mo wá wò, kì í ṣe ọ̀nà. Ó ní Àǹtí Mùnírátù wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó lọ. Ohun tó sọ lánàá náà nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ àná sì ti kọjá.

Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó ti lo ọdún méjìdínlógójì lókè òkun, àlejò ni nílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí Mùnírátù ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Nígbà tí sòbìà dá mi jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń gbé mi lọ sílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òun á sì máa bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ fi ojú kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọ̀kan nínú wa tó lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi wọ bàlúù láìtíì pé oṣù mẹ́fà tí dókítà ní kí n fi sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún mi.

Ọ̀nà yìí kò sí nígbà tiwa. Àbàtà nìkan ni, èèyàn kì í sì wọ ibẹ̀ láìmú àdá dání. Wọ́n ti wá gbẹ́ kánáàlì síbẹ̀ kí omi má baà máa ya wọ ilé, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ pálọ̀. Adésọjí ní nítorí orúnkún mi lòun ṣe mú mi wá síbẹ̀.

Ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú ọ̀run. Lápá ọ̀tún, omi kánáàlì dúdú, kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Lápá òsì ni àbàtà wà pẹ̀lú igi ògùrọ̀ àti òṣíbàtà, àwọn lékeléke dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni pé wọ́n ń retí ìròyìn. Awọ́nríwọ́n kan gígùn bí apá mi wọ́ kọjá níwájú wa, kò tilẹ̀ yára. Adésọjí, tí kò bìkítà fún ẹranko rí àfi èyí tó wà nínú ọbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn fún mi. Láàárín rẹ̀ ló ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo ní àbí ó fẹ́ fi mí bọ́ ọ̀nì ni, tó fi ń wá kí ẹran ara mi dára. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan jáde láti inú àbàtà, ó di ewé gbòdògì rù. Adésọjí sáré ní Comfort ni, ará Mọdákẹ́kẹ́, òun ló ń já ewé tí Àǹtí fi ń di obì. Obìnrin náà kúnlẹ̀ tòun ti ẹrù, ó bi í bóyá bàbá tó wà lókè òkun rèé. Adésọjí ń ṣẹ́jú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù, ilẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Bàbá,” ó ní. “Ẹ kú ara fẹ́ra kù.”

A kì í kí èèyàn bẹ́ẹ̀ nítorí àìsàn. Ẹni tó ti sìnkú tán là ń kí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Comfort gbójú sókè tó rí ojú mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìdágbére.

“Ọjọ́ wo?” ni mo wí.

“Ẹ jẹ́ ká jókòó ná, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Adésọjí, ọjọ́ wo?”

Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án ni, wọ́n sì ti sin ín kí wọ́n tó kírun àsárì. Wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà náà, àwọn ọmọ mi sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ojú abẹ jinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò túfọ̀ fún àgbàlagbà lórí fóònù? Ni wọ́n bá fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, Tẹniọlá ọmọ Àǹtí á ní wọ́n ń sùn, tàbí wọ́n ń kírun, pé wọ́n ní kí òun kí mi.

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ,” Adésọjí ní. “Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn.”

Ó ní ìparí ọ̀nà yìí lòun fẹ́ ti sọ ọ́, níbi tí Ọláwálé ọmọ òun ti ń dúró dè wá pẹ̀lú ọkọ̀, bóyá ara mi lè má gbà á. Àwọn ará ilé náà ti pé jọ. Mo mọ̀ pé wọ́n á yí mi ká, wọ́n á ní kí n mú un mọ́ra, àwọn tó ti sunkún tiwọn gbẹ láti oṣù mẹ́rin.

Mo bi í bóyá Àǹtí bèèrè mi kó tó kú.

Ó ní wọn ò sọ fún Àǹtí pé wọ́n là mí ní orúnkún, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú.

“Wọ́n ń bi wá bóyá ẹ ti dé,” ó ní. “A ní ẹ ti wà lójú ọ̀nà.”

A rìn dé ìdí ọkọ̀, Ọláwálé dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Wọ́n sì gbé mi lọ sílé, kí àwọn ará ilé lè kí mi kú ara fẹ́ra kù.