Ẹja Tí Kò Sí Lórí Pákó

Ọdún karùn-ún rèé tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ju àwọ̀n sódò Yukon kí sámọ́nì ọba, ẹja tó tóbi jù nínú odò wa, má baà tán. Odò gbóná, òkun gbóná, ìwọ̀nba ẹja ló kù tó ń ti òkun padà wálé. Èmi ò bá ìjọba jà. Ojú Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń kó ìdààmú bá mi. Ojoojúmọ́ ló ń ṣú sí i, òun nìkan ló sì kù nílé wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń la sámọ́nì kó tó wọ ilé èéfín. Ìwé ni mo lọ kà nílùú Anchorage. Ìgbà tí mo fi máa dé, ẹja ti lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ òfurufú já àpótí kan fún wa. Evon, ọmọ àǹtí mi tó ń pẹja létí òkun ní Bristol Bay, ló fi sámọ́nì pupa ránṣẹ́. Ooru tó lé tiwa lọ ni wọ́n ló jẹ́ kí tiwọn pọ̀ bí eṣú. Inú bí mi, mo sì tún dúpẹ́.

Màmá Àgbà yínmú. "Ẹja odò olódò. Kékeré báyìí?"

"Màmá, bí a ò bá rí àdán, ẹ jẹ́ ká fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

"Ẹnu ẹ mú ju ọ̀bẹ ẹ lọ, Matrona. Gbé pákó wá."

Ó fọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí uluaq, ọ̀bẹ rẹ̀. Mo ba ẹja mẹ́ta jẹ́, ó sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ó fi ìka yẹ ìkẹrin wò láti orí dé ìrù.

"Èyí dáa. Nu pákó."

Mo nù ún. Mo rò pé a ti parí nìyẹn.

"Ó ku ti sámọ́nì ọba. Òun lọ́ràá, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀."

"Màmá, kò sí ọba níbí."

"Ojú mi ló ń fọ́, orí mi ò fọ́." Ó na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ lórí pákó tó ṣófo. "Orí ẹ̀ rèé. Ìrù ẹ̀ rèé. Gé e."

Omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀bẹ. Ó tún fọwọ́ lé tèmi. Mo là á lẹ́yìn, mo yí i, mo wá kánjú díẹ̀ níbi ikùn.

Ó gbá mi lọ́wọ́ pàá.

"Rọra! O ti gé e jìn jù. Mú òmíràn."