Ìfé ní Kọ́nà Àkọ́kọ́

Òkúta ló kọ́kọ́ máa ń dún, lẹ́yìn náà ìfé. Bí Delbert ṣe rántí rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn: òkúta ń yí gbirigbiri lọ sínú ọ̀gbun, Dolly ìbaaka rẹ̀ ń ké, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ tán, ìfé Orrin àbúrò rẹ̀, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ta ní ń súfèé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán?

Orrin ló di Dolly ní gàárì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gàárì ló yí. Delbert kò béèrè nǹkan kan. Ó tiro kúrò ní Arizona, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń fi ìbaaka kó àlejò sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun lọ sétí odò, ó wá sí Ohio níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Títí tí lẹ́tà fi dé lọ́sẹ̀ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Orrin kọ ọ́, "dókítà ní ọkàn mi ò ní lè gba gígun ìbaaka mọ́ tó bá ti di ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí á jọ sùn sétí odò. Ìbaaka tó ń jẹ́ Biscuit ni mo mú fún yín, onísùúrù ni. Ẹ má wulẹ̀ gbé gàárì wá, èmi ni n ó dì í fún yín. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì kó tó di agogo mẹ́rin Ọjọ́ Ẹtì."

Ọjọ́ Ẹtì náà rèé. Agogo mẹ́ta ti lù.

"Ó ní òun ni yóò dì í," Delbert wí fún Marlys ọmọ rẹ̀ obìnrin. "O ò rí i?"

"Kí ni kí n rí, Dádì? Ẹni àádọ́rin ọdún tó fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo rí."

"Òun ló yan ìbaaka. Òun ni yóò di gàárì. Kí ló ṣe tèmi?"

"Gàárì yín tí eku ti jẹ tán ní gáréèjì?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Delbert tún lẹ́tà náà yí sójú ìmọ́lẹ̀, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ ọ̀rọ̀.

"Èmi ò lọ síbì kankan," ó wí.

"Ẹni tí ò lọ síbì kankan ló ti ń kun bàtà láti ìdájí." Marlys fi ẹsẹ̀ ti òṣùwọ̀n sí iwájú rẹ̀. "Ẹ gùn ún, ká wò ó."

Ẹni tó bá ju igba pọ́ùn lọ, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti àkẹtẹ̀ lórí, wọn kì í gbé e gun ìbaaka, ìbáà ṣe gómìnà. Delbert dé àkẹtẹ̀, ó gun òṣùwọ̀n. Igba ó dín mẹ́rin.

"Irọ́ ló ń pa," ó wí.

"Àbí Orrin ló rà á?"

Marlys mú bẹ́líìtì àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń dì ní Arizona, ó gbé e yí i níkùn, ó sì fà á gan-an. Delbert rọra fẹ ikùn, kó má baà fún òun jù. Nígbà tó mí jáde, bẹ́líìtì àti ṣòkòtò jọ yọ̀ wá sí ìbàdí.

"Ẹ wò ó bí ẹ ṣe fẹ ikùn tàn mí," Marlys ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà."

Delbert kò rẹ́rìn-ín.

Dolly náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìbaaka tó gbọ́n ló ń ṣe é. Bí èèyàn bá ń fa awọ tó di gàárì mú mọ́ wọn níkùn, wọn á gba afẹ́fẹ́ sára, wọn á dúró gbọin. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọn á mí jáde, awọ á sì dẹ̀, gàárì á sì lè yí. Kò sí bí ọwọ́ ẹni tó dì í ti le tó tí kò ní dẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo àwọn tó ń gùn wọ́n fi ń dúró ní kọ́nà àkọ́kọ́, kí kálukú sọ̀ kalẹ̀, kó tún awọ tirẹ̀ fà. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi ìfé fún wọn ní àmì.

Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn.

Ó jókòó. Ó dijú. Kọ́nà àkọ́kọ́, oòrùn òwúrọ̀ lára òkúta pupa. Obìnrin kan láti Boston wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn tó ń sọ, ìtàn náà sì ti ń dé ibi tó dùn jù. Ìfé dún. Ó gbọ́ ọ. Láìsọ̀ kalẹ̀, ó juwọ́ sí Orrin níwájú pé òun ti ṣe tòun, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni òkúta.

Orrin rí ọwọ́ tó jù yẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sọ fún ẹnì kan.

"Dádì? Ṣé kò sí?"

"Agogo mélòó ló lù?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kó lu mẹ́rin. Ṣé kí n bá yín tẹ èsì náà lórí fóònù?"

"Mo ní ìka."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ìwé gígùn ló kọ́kọ́ kọ. Èyí tó fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn kò gùn:

"Àbúrò mi, kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ìwọ ni kó o di Biscuit ní gàárì. Tó o bá súfèé ní kọ́nà àkọ́kọ́, màá dúró."