Àtùpà Òkun Nínú Asẹ́

Nermin ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú asẹ́ páǹpù tó ń fa omi òkun wá mú ẹ́ńjìnnì tutù, dé ìgúnpá, ó ń gbọ́n àtùpà òkun dànù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Alẹkisáńdíríà ń pe ẹran omi yẹn tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tó sì ń jóni bí èsìsì.

"Baba Zaghlul, ẹ ṣí asẹ́ kejì!"

"Ìyẹn náà ti dí, Ẹnjiníà! Ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná kọjá ààlà!" àgbà mẹkáníìkì náà dá a lóhùn.

Ọkọ̀ ogun tí ilé iṣẹ́ wọn kàn fún ìjọba ni wọ́n ń dán wò lójú agbami. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí wọ́n tó sá eré tó wà nínú àdéhùn parí, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni yóò kan ọkọ̀ mẹ́ta tó kù, àwọn tó ń jó irin ní èbúté yóò sì padà sílé lọ jókòó.

Ọ̀gágun Bahgat, ẹni tí ìjọba rán wá gba ọkọ̀, dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Òfin wọn nìyẹn: olùrà kì í fọwọ́ kan ohun tí kò tíì gbà. Bó bá dá sí i tó bàjẹ́, ẹ̀bi di tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ wá wò ni?" Baba Zaghlul ké sí i. "Ẹgbẹ́ wo tiẹ̀ ni tiyín?"

Bahgat wúkọ́. "Ẹnjiníà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fa omi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ la máa ń lò."

"Ní èbúté, torí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Níbí ńkọ́? Òkè omi ni àtùpà òkun ń léfòó sí. Ẹ fà á látìsàlẹ̀!"

Òótọ́ ni. Àṣà èbúté ni wọ́n gbé wá sójú agbami. Inú bí Nermin sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú kì í mú ẹ́ńjìnnì tutù.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ látàárọ̀?"

"Ẹ ò bi mí. Èmi náà ò gbọdọ̀ sọ."

"Ẹ ti wá sọ ọ́ báyìí. Ẹ kúkú wá bá wa yí i!"

Àgbá kẹ̀kẹ́ irin tó ń ṣí ihò ìsàlẹ̀ kò tíì yí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é mọ́bẹ̀. Nermin àti Baba Zaghlul rọ̀ mọ́ ọn, kò mì. Bahgat bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó sì fi èjìká tì í. Irin náà ké, ó yí. Omi tútù rọ́ wọlé bí ẹṣin tó já. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Lókè, ọ̀gá awakọ̀ tú eré sílẹ̀, ọkọ̀ sì la òkun já títí eré fi pé.

"Ọ̀gá, ẹ ti ba aṣọ ìjọba jẹ́ o!" Baba Zaghlul ń jó.

"Ẹ fi owó ìfọṣọ kún àdéhùn ọkọ̀ tó kàn."

"A ó fi kún un," Nermin dá a lóhùn. "A ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó bá wa jókòó láti ìgbà tá a bá ti ń yàwòrán rẹ̀."

"Mo gbà."

Nígbà tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ èbúté, Bahgat tọwọ́ bọ̀wé, àwọn ajórin sì pariwo ayọ̀ débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí òrùlé. Nermin ti gbé báàgì rẹ̀. Ó ń gba àárín wọn kọjá lọ sílé. Apá rẹ̀ wú, orí rẹ̀ náà wú.