Onídùúró fún Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún gan-an ni ilé ìtọ́jú ọmọ tí ìjọba ti tọ́ ọ dàgbà ní kó máa lọ. Òfin wọn ni. Ó ti rí yàrá, ṣùgbọ́n baba onílé ní òun ò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ àfi tí onídùúró bá wá fọwọ́ sí ìwé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Tọkọtaya kan tó fẹ́ yàrá náà ti jókòó ti ẹrù wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ yìí, ta lèèyàn rẹ?" baba onílé bi í.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣèlérí pé òun á wá kò gbé fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Abẹ́rẹ́ pè é. Kó tó mọ̀, irọ́ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Màmá mi ń bọ̀, sà."

Ó sáré bọ́ síta, ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì, obìnrin tó jẹ́ pé tó bá wúkọ́ lásán, gbogbo ọmọ iṣẹ́ á pa rọ́rọ́. Ó rò ó fún un wéréwéré, àmọ́ kò lè dárúkọ irọ́ náà.

"Mo ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́," ni ọ̀gá sọ, ó sì pa fóònù.

Aago méjìlá ti fẹ́ẹ́ lù. Baba onílé ti ń na kọ́kọ́rọ́ sí ọkùnrin inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àfi gbàà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá wọlé, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá ọmọ," ni baba onílé kí i.

Ọ̀gá wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wolẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo bí i. Ọ̀gá rẹ̀ ni mí."

Ojú baba onílé pọ́n. "Irọ́ tí wọ́n ní ó máa ń rin ogún ọdún, tìrẹ ò tiẹ̀ rin ogún ìṣẹ́jú!"

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní màmá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ó purọ́, màá sì bá a wí," ni ọ̀gá sọ. "Ṣùgbọ́n ọdún kan ló ti ń bá mi ṣiṣẹ́, kò pẹ́ dé rí, kò sì fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Tó bá ṣe àṣìṣe, èmi ni kẹ́ ẹ mú. Bíírò yín dà?"

Baba onílé na bíírò sí i, ó sì fọwọ́ sí ìwé. "Oṣù mẹ́ta ni mo fún un. Tí mo bá tún gbọ́ irọ́ kan, ìta ni."

Ìyàwó inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pòṣé, ó gbé ẹrù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò lè wo ojú rẹ̀.

Nínú yàrá, ọ̀gá ti fèrèsé wò, ó dán àgádágodo wò.

"Ẹní ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Kọjá sílé mi lẹ́yìn iṣẹ́, kó o wá mú ọ̀kan. Ibẹ̀ la ó ti sọ̀rọ̀ irọ́ yẹn."