Pákó Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Oṣù méje gbáko ni Yíwọlá fi kan kọ́bọ́ọ̀dù tí ó gbé amplifáyà àti ẹ̀rọ àwo orin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ní àárín ọ̀sẹ̀, Dókítà Yíwọlá a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Auckland Park. Bí ó bá di Sátidé, a máa wọ takisí láti Roodepoort lọ sí Doornfontein, sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ̀lílì káfíńtà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Toheeb. Níbẹ̀, òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń di ayùn mú kí ó má baà yà kúrò lórí ìlà. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó láti mọ ibi tí kò tíì dán. Èékánná rẹ̀ kan dúdú, kò juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ láti wọ ara wọn, Bàbá Toheeb ni ó jókòó tì wọ́n tí ó gbẹ́ wọn. Òun náà ni ó ṣe ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

"Dókítà, ẹ má dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa o," ni Bàbá Toheeb wí. "Amplifáyà máa ń gbóná bí ààrò. Ẹ jẹ́ kó ríbi mí."

Yíwọlá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wáyà. Nígbà tí ó délé, súkúrù mẹ́jọ ni ó fi de pákó ẹ̀yìn náà mọ́lẹ̀ pinpin.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ìjọ mẹ́rin yà láti bá a yọ̀. Orin ti ń dún.

"Sísítà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àyọ̀ká, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn. "Ọwọ́ yín ló ṣe èyí, àbí ẹ lọ háyà ọwọ́ ẹlòmíràn?"

"Òo, ẹ ṣé. Èmi nìkan ni, látòkè délẹ̀."

"Eish!" ni Olúkúnlé, aláwàdà wọn, wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi tún bẹ́ẹ̀dì mi kàn. Bí mo bá yíra padà, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́."

Ẹ̀rín wọn kò tíì tán tí Bàbá Toheeb fi kanlẹ̀kùn. Ó mú ọwọ́ ilẹ̀kùn méjì tí ó fi bàbà ṣe wá, ẹ̀bùn tí ó ti ṣèlérí. Kí Yíwọlá tó rò ó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí àwọn àlejò.

"Ẹ má ṣèyọnu. Ọkùnrin tí ó máa ń bá mi gbé pákó ni."

Bàbá Toheeb gbọ́. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró sẹ́bàá ògiri bí ẹni tí ó gbé ẹrù wá tí ó ń dúró de ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí.

Ní orin kẹta, ohùn ẹ̀rọ náà há. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, òórùn ike tí ó ń gbóná sì gba ilé kan.

"Ó yá, káfíńtà, ẹ tú u," ni Àyọ̀ká wí fún Yíwọlá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Yíwọlá kúnlẹ̀. Irin tí ó fi ń tú u kò wọnú orí súkúrù.

"Ẹ jẹ́ n bá yín mú un, Dókítà."

Bàbá Toheeb tú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nígbà tí pákó náà ṣí, ooru fẹ́ sí wọn lójú. Ní inú rẹ̀, òbìrípo méjìlá ni a ti fi pẹ́ńsù yà, lẹ́sẹẹsẹ, ní ibi gẹ́lẹ́ tí ó yẹ kí a lu ihò sí. Bàbá Toheeb ni ó yà wọ́n kí Yíwọlá tó gbé pákó náà lọ sílé.

"Ta ló ya èyí?" ni Àyọ̀ká béèrè.



"Dókítà ni," Bàbá Toheeb dáhùn, kò gbójú sókè. "Wọn ò tíì ráyè lù ú ni."

Ó gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kí wọn pé wọ́n kú ìgbádùn, ó lọ. Kò mu omi.

Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, orin padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sísítà," Àyọ̀ká tún wí.

Ní ìgbà yìí, Yíwọlá kò lè dáhùn "òo". Ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ń jẹ́ ẹ kú iṣẹ́. Òun ti jẹ́ ẹ kú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ti pe ẹni tí ó ni ín ní agbépákó ní etígbọ̀ọ́ rẹ̀, ẹni náà sì tún bò ó láṣìírí.

Yíwọlá jẹ Bàbá Toheeb ní gbèsè ẹ kú iṣẹ́ kan, tí ó gbọ́dọ̀ san lójú àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbọ́ irọ́ náà.