Ìgò Omi Inú Fíríìjì

Inú ń bí mi, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Sùúrù ti tán lọ́wọ́ mi.

Ìṣàn omi kan wà lẹ́yìn àdúgbò Dar es Salam nílùú wa níbí tí gbogbo ilé ibẹ̀ ń da ìdọ̀tí sí. Ibẹ̀ náà ni ìyá Boubacar ti ń pọnmi. Ọmọ ẹ̀yà Zarma ni Boubacar, kíláàsì kan náà la wà ní líísè, iléèwé girama wa. Lóṣù tó kọjá, àbúrò ẹ̀, Àmírà, yàgbẹ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ń se omi kí wọ́n tó mu ún, igi ìdáná sì wọ́n. Nígbà ìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ló ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún wọn. Ẹ̀rọ dà? Ni àwọn ará mérì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, bá ní táwọn bá rí ẹ̀rí pé omi yẹn ò dáa, àwọn á gbé ẹ̀rọ wá.

Músíò Yàhàyá, olùkọ́ wa, wá lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n fi ń yẹ omi wò kiri títí wọ́n fi rí ìwọ̀nba tó tó ìgò kan ṣoṣo. Bí ìgbẹ́ bá wà nínú omi, tí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú yẹn sí i, tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, omi náà á ti dú bí ìdí ìkòkò.

Lọ́jọ́ Àìkú, a bu omi náà. Wọ́n ní ká tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù di àárọ̀. Ilé wa nìkan ló ní fíríìjì, torí màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché. Mo gbé e síbẹ̀, mo ní ti iléèwé ni, kẹ́nikẹ́ni má mu ún.

Lọ́jọ́ Ajé, Músíò Yàhàyá da lẹ́búlẹ́bú náà sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi náà mọ́ gaara. Ọkùnrin tí mérì rán wá gbé ìgò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Omi yín dáa ju tiwa lọ!"

Boubacar wò mí.

Mo délé, mo ju báàgì sílẹ̀.

"Ràódátù, ṣé omi yín mọ́?" Màmá mi ló ń béèrè.

"Ó mọ́, Màmá. Ó mọ́ jù!"

"Alhamdulilahi! Ẹ̀gbin tó o fẹ́ gbé lọ fún tísà ńkọ́? Kí wọ́n lè sọ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Mo fi álọ́ọ̀mù sí i, mo sè é, ó hó dáadáa, mo fi aṣọ funfun tuntun sẹ́ ẹ."

Yéè! Mo figbe ta. "Màmá, ìdọ̀tí yẹn gan-an la fẹ́!"

"Ta ní ń fẹ́ ìdọ̀tí? Ṣé orí ẹ pé?"

Mo sọ ti Àmírà àti ti ẹ̀rọ omi fún wọn. Wọ́n jókòó. Wọ́n dìde, wọ́n fa ìborùn wọn. "Ó yá, mú mi lọ."

A débẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ìyá Boubacar yọ̀ mọ́ wa, wọ́n bu omi fún màmá mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Wọ́n fi Hausa sọ pé mérì ní omi náà dáa, àwọn ò fi igi ṣòfò mọ́.

Màmá mi di ife mú, wọn ò mu ún. Nídìí ìkòkò omi, Àmírà ti gbé tiẹ̀ sẹ́nu. Màmá mi fò dìde, wọ́n já ife gbà, wọ́n dà á nù. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Kí ló dé?" ìyá Boubacar pariwo.

"Omi tí wọ́n yẹ̀ wò yẹn," màmá mi ní, "èmi ni mo sè é."

Boubacar gbé àbúrò ẹ̀ mọ́ra. "Ife kejì nìyẹn," ó ní. "Ó ti mu ọ̀kan."